Abẹ́rẹ́ tó ń bi iṣan léèrè: bí wọ́n ṣe ń dí ọ̀nà ìrora ìsàlẹ̀ ikùn

Abẹ́rẹ́ yìí yàtọ̀ sí èyí tí nọ́ọ̀sì ń gún síni nídìí nígbà tí ara bá ń roni. Tọ̀hún máa ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara. Ojú kan ni iṣẹ́ tiyìí wà. Ẹ̀gbẹ́ iṣan ìmọ̀lára kan ṣoṣo ni dókítà ń wá lọ, ibẹ̀ ló sì máa da oògùn sí. Àwọn tí wọ́n sábà ń gún un fún ni àwọn tí ìrora ti jókòó sí ìsàlẹ̀ ikùn, ojú ara tàbí ìdí wọn fún oṣù mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí wọ́n ti ya àwòrán inú, tí wọ́n ti yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ wò, tí wọ́n ti lo oògùn ìnfẹ́kṣọ̀n títí ó fi sú wọn.

Iná tín-ín-rín ni iṣan ìmọ̀lára fi ń gbé ìròyìn. Bí nǹkan bá pa á lára, àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó wà lára rẹ̀ á ṣí, èròjà sodium á rọ́ wọlé, ìròyìn á sì gba ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí ọpọlọ. Àwọn ilẹ̀kùn yìí ni lidocaine àti bupivacaine, àwọn oògùn apakú tó ń mú kí ojú kan má mọ ìrora, ń dí. Ohun tó ń fa ìrora ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n ìròyìn rẹ̀ kò ní dé ọpọlọ títí oògùn á fi tán. Ti lidocaine kì í sábà ju wákàtí méjì lọ. Bupivacaine lè tó mẹ́rin sí mẹ́jọ.

Báwo wá ni ara àwọn kan ṣe ń fúyẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí oògùn ti tán lára wọn kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́? Iṣan tó ti ń ké fún oṣù gbọọrọ máa ń sọ ọ̀pá ẹ̀yìn di onítagìrì, débi pé ìfọwọ́kàn lásán á di ìrora. Ẹran tó tẹ́ sí abẹ́ ìbàdí náà á fún pọ̀ pinpin. Bí igbe yẹn bá dákẹ́ díẹ̀, ìtagìrì lè rọlẹ̀, ẹran lè dẹ̀, oníṣẹ́ físíò á sì rí àyè ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àlàyé tí ọ̀pọ̀ dókítà ń ṣe nìyẹn, àmọ́ kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Iṣan tí ọ̀rọ̀ sábà máa ń kàn ni wọ́n ń pè ní pudendal. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn ló ti ń jáde, kò sì gba ọ̀nà tààrà rárá. Á kọ́kọ́ jáde kúrò nínú egungun ìbàdí gba ẹ̀yìn, á yí ṣóńṣó egungun kan ká, á há sáàárín okùn líle méjì tó so egungun mọ́ egungun, á tún padà wọlé. Lẹ́yìn èyí ló ń pín sí mẹ́ta: ẹ̀ka kan fún ihò ìdí, ọ̀kan fún àárín ihò ìdí sí ojú ara, ọ̀kan fún idọ́ tàbí okó. Ibi tó há sí yẹn ni nǹkan ti lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí púpọ̀, obìnrin tí ìrọbí rẹ̀ pẹ́, tàbí ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún níbẹ̀.

Àwọn oníṣègùn tó péjọ sí ìlú Nantes ní ilẹ̀ Faransé la ìlànà márùn-ún sílẹ̀ tí wọ́n fi ń dá ìrora iṣan pudendal tó há yìí mọ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2008. Ìrora náà gbọ́dọ̀ wà ní ibi tí iṣan yìí ń ṣàkóso. Ìjókòó gbọ́dọ̀ máa mú un le sí i. Kò gbọdọ̀ máa jí aláìsàn lójú oorun. Ara ibẹ̀ kò gbọdọ̀ ti kú kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́. Ìkarùn-ún ni abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀: bí wọ́n bá gún un, ìrora gbọ́dọ̀ lọ.

Ìbéèrè ni abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, kì í ṣe ìwòsàn, bí ẹni ń yọ fíúsì ilé lọ́kọ̀ọ̀kan láti mọ wáyà tó ń ṣe ségesège. Aláìsàn á dojú bolẹ̀, dókítà á fi ẹ̀rọ scan, X-ray tàbí CT wá ṣóńṣó egungun yẹn, á fa ọ̀pá sírínjì sẹ́yìn díẹ̀ láti rí i pé kì í ṣe inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ló wà, kó tó fún oògùn sí i. Wákàtí tó tẹ̀ lé e ló ṣe pàtàkì jù. Àsìkò náà kọ́ ló yẹ kí ènìyàn lọ sùn. Kó jókòó sórí àga tó ń dá a lóró, kó sì kọ bí ìrora ṣe rí sílẹ̀. Bí ara ibẹ̀ kò bá kú, oògùn kò débẹ̀, èsì kò sí. Bí ó bá kú tí ìrora ò lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ibòmíràn ni ìrora ti ń wá. Bí ara ibẹ̀ bá kú tí ìrora sì lọ, iṣan yìí ni ìròyìn ń gbà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tíì sọ pé nǹkan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀: egbò tàbí àrùn awọ ara tó wà níbẹ̀ náà á dákẹ́ bákan náà.

Àwọn iṣan mìíràn wà. Ìrora tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpá iṣẹ́ abẹ ìbímọ lè jẹ́ ti iṣan tí wọ́n ń pè ní ilioinguinal, tó gba ara ògiri ikùn kọjá. Ti inú lọ́hùn-ún, bí ilé ọmọ àti àpò ìtọ̀, ń gba ìdìpọ̀ iṣan kan níwájú ìsàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn, èyí tí dókítà Plancarte àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mẹ́síkò kọ nípa rẹ̀ ní 1990 fún àwọn tó ní jẹjẹrẹ. Fún àwọn yẹn ni wọ́n máa ń fi kẹ́míkà phenol tàbí ògidì ọtí ilé ìwòsàn (alcohol) pa iṣan náà gan-an.

Àwọn dókítà kan máa ń po steroid, oògùn tó ń mú kí ara tó wú rọlẹ̀, mọ́ oògùn apakú náà. Ìwádìí kan láti Nantes tó jáde ní 2017 fi hàn pé kò fi ohunkóhun kún àǹfààní oògùn apakú fún iṣan pudendal, bẹ́ẹ̀ ó lè gbé ṣúgà onítọ̀ọ̀gbẹ sókè. Ó yẹ kí aláìsàn béèrè ìdí tí wọ́n fi fẹ́ fi sí i.

Kí ó tó débẹ̀, kí ó sọ bí ó bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí bí ó bá lóyún. Ẹsẹ̀ lè kú fún wákàtí mélòó kan, nítorí iṣan ńlá ẹsẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà kò gbọdọ̀ wakọ̀ lọ sílé. Èyí tó le jù, tó sì ṣọ̀wọ́n, ni kí oògùn bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀: ẹnu á máa ṣe tẹ̀ríntẹ̀rín, etí á máa hó, gìrì lè tẹ̀ lé e. Omi ọlọ́ràá 20% tí wọ́n ń fà sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń gbà á là, ó sì yẹ kó ti wà nítòsí kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ rárá.