Aro la ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀: bí ìtọ́jú alárùn ọpọlọ ṣe kúrò lẹ́wọ̀n tó wọ àárín ilé

Ní Ìkòròdú níbí, tí orí ọmọ ẹnìkan bá dàrú, ibi mẹ́ta lẹbí máa ń rò: ilé wòlíì, ọ̀dọ̀ baba oníṣègùn, àbí Yaba. Yaba ló sábà máa ń gbẹ̀yìn, owó á ti tán, àìsàn á ti wọra. Mo máa ń gbọ́ ọ ní Sábó tí wọ́n á ní nǹkan òyìnbó ni ìtọ́jú ọpọlọ, pé wọ́n kàn fẹ́ gba èèyàn ẹ lọ tì mọ́lé ni. Ó máa ń dùn mí gan-an, torí ọ̀kan nínú ohun tó dáa jù tí ayé mọ̀ nípa ìtọ́jú yìí, Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ṣe é, tẹ́ ẹ bá gba Ṣàgámù kò jìnnà sí wa rárá.

Òótọ́ ni pé ìtìmọ́lé ló fi bẹ̀rẹ̀ o. Ìjọba òyìnbó ṣí ilé kan fáwọn alárùn ọpọlọ ní Calabar ní 1904, wọ́n ṣí ti Yaba ní 1907, kò sì sí dókítà ọpọlọ kankan níbẹ̀, wọ́n kàn fẹ́ kó wọn kúrò ní ìgboro ni. Nígbà tí ogun Hitler dé, àwọn ọmọ wa kan tó lọ jagun padà wálé tí ọpọlọ wọn ti dàrú, ní 1944 wọ́n kó wọn sí Lantoro l'Abẹ́òkúta, ilé tó jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n tẹ́lẹ̀. Ẹni tó lọ jagun fún ọba òyìnbó, ibi tí wọ́n fi í sí nìyẹn.

Ìgbà tí Dókítà Thomas Adeoye Lambo dé ni nǹkan yí padà. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, 1923 ni wọ́n bí i, Birmingham ló ti kọ́ṣẹ́ dókítà, ó tún kọ́ ti ọpọlọ ní London. Ní 1954 tó dé Aro, ọsibítù ọpọlọ tí wọ́n ń kọ́ l'Abẹ́òkúta, ilé ò tíì parí, kò sí bẹ́ẹ̀dì táwọn aláìsàn máa sùn sí. Ẹlòmíì ì bá jókòó máa retí ìjọba, àmọ́ Lambo gba àwọn abúlé tó yí Aro ká lọ, ó bá àwọn àgbà àtàwọn onílé sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Ó wá ní kò sẹ́ni tó máa dá wá, ó kéré tán ẹbí kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn, ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹni tó máa gbọ́únjẹ fún un, tó máa fọṣọ ẹ̀, tó máa mú un lọ ọsibítù láàárọ̀. Tí wọ́n bá ti gba abẹ́rẹ́ àti oògùn tán, wọ́n á padà sábúlé, ẹni tó lè roko á roko, wọ́n á bá àwọn ará abúlé ṣọdún, wọ́n á jó, wọ́n á lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí rèé: àwọn onílé ń gba owó ilé, ọsibítù yá wọn lówó kí wọ́n fi fẹ ilé wọn, omi tó dáa àti ṣáláńgá sì wọ abúlé. Abúlé ń jèrè, aláìsàn náà ń jèrè, torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe lé wọn jáde.

Lambo tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, torí wọ́n mọ ohun tó ń ba aláìsàn lẹ́rù àti ọ̀rọ̀ tí ẹbí ẹ̀ máa gbọ́. Ẹ má sì rò pé lásán làwọn baba wa ń lo àṣofẹ́yẹjẹ fún wèrè o, ní 1952 tí wọ́n yọ reserpine jáde, oògùn tí wọ́n lò fún wèrè, lára ìbátan ewé yẹn tó wà ní Íńdíà ni, ọdún yẹn náà làwọn dókítà Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í fi oògùn òyìnbó kan tó ń jẹ́ Largactil tọ́jú irú aláìsàn yìí. Pàṣán àti ṣẹkẹṣẹkẹ ni kò sí oògùn kankan nínú ẹ̀.

Òkìkí Aro kàn. Ní 1961 àwọn dókítà ọpọlọ káàkiri Áfíríkà pàdé l'Abẹ́òkúta. Ní ọsibítù Fann ní Dakar, Senegal náà, wọ́n ní kí ẹbí máa bá aláìsàn gbé ní ọsibítù. Lambo fúnra ẹ̀ di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àjọ yìí kan náà tọpa àwọn tó ní àrùn schizophrenia, irú wèrè tó ń mú èèyàn gbọ́ ohùn tí kò sí, ní orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án, Ìbàdàn wà níbẹ̀, lẹ́yìn ọdún méjì àwọn ará Ìbàdàn, Agra ní Íńdíà àti Cali ní Kòlóńbíà ń ṣe dáadáa ju àwọn ará London àti Washington lọ. Wọ́n ṣì ń jiyàn lórí ohun tó fà á, ọ̀pọ̀ sọ pé ẹbí ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ní 2020 Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ní wọ́n ṣì ń de alárùn ọpọlọ mọ́lẹ̀ ní nǹkan bí 60 orílẹ̀-èdè, tiwa wà níbẹ̀. Òfin 1958 lórí alárùn ọpọlọ la ń lò ní Nàìjíríà títí di January 2023 tí Buhari fi buwọ́ lu tuntun. Àti 1991 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ìtọ́jú ọpọlọ wà lára iṣẹ́ àwọn hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò, tó túmọ̀ sí pé kò yẹ kí ìyá tó ń gbé Ìmọ̀ta wọ mọ́tò dé Yaba lóṣooṣù torí oògùn lásán. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn nọ́ọ̀sì hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà yín, kẹ́ ẹ tún gbé e dé ìpàdé lándílọ́ọ̀dù, kí wọ́n fi kọ lẹ́tà sí káńsù.