Ta Ló Ń Ṣọ́ Ilé Tẹ́tẹ́ Àwọn Ẹ̀yà Onílẹ̀ ní Amẹ́ríkà?

Ẹ̀sùn tó máa ń wáyé ni pé ewúrẹ́ ni wọ́n fi ṣọ́ iṣu. Ẹ̀yà onílẹ̀ ló ni ilé tẹ́tẹ́, ẹ̀yà yẹn náà ló tún gbé àjọ tó ń ṣọ́ ọ kalẹ̀. Ẹni tó bá wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ kò ní sọ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Lọ́dún 1987, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà dá ẹ̀yà Cabazon láre pé ìpínlẹ̀ Kalifóníà kò lè fi òfin tirẹ̀ dí tẹ́tẹ́ wọn lọ́wọ́. Òfin àpapọ̀ tẹ̀lé e lọ́dún 1988, ó sì dá National Indian Gaming Commission sílẹ̀, àjọ àpapọ̀ tó ń mójú tó tẹ́tẹ́ àwọn ẹ̀yà onílẹ̀. Ẹni mẹ́ta ni òfin ní kó wà níbẹ̀. Ààrẹ ló ń yan alága, àwọn sẹ́nétọ̀ á sì fọwọ́ sí i. Ó kéré tán, méjì nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ ẹ̀yà onílẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ náà ní ipa tiwọn nípasẹ̀ àdéhùn tí wọ́n bá ẹ̀yà ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ojoojúmọ́ wà lọ́wọ́ àjọ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀.

Ẹni tó di ọ̀gá nínú àjọ bẹ́ẹ̀ lè ti yàrá kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀, kó máa wo àwọn tó ń ka owó. Aṣọ tí kò lápò ni wọ́n ń wọ̀, wọ́n á sì na ọwọ́ méjèèjì sí kámẹ́rà, iwájú àti ẹ̀yìn, kí wọ́n tó kúrò nídìí tábìlì. Láti ibẹ̀ ló lè bọ́ sí ìwádìí, kó tó di kọmíṣọ́nnà.

Ibi ìwé àṣẹ ni ọgbọ́n ètò yìí ti hàn jù. Bí wọ́n bá gba ẹnì kan sí ipò pàtàkì, àjọ ẹ̀yà á tú ìgbésí ayé rẹ̀ wò: ibi tó gbé, ibi tó ti ṣiṣẹ́, ẹjọ́ tó ti jẹ́. Wọ́n á tẹ ìka rẹ̀, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí FBI. Kí ọjọ́ 60 tó pé lẹ́yìn tó wọṣẹ́, èsì ìwádìí gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àjọ àpapọ̀, tó ní ọjọ́ 30 láti ta kò ó. Bí ọjọ́ 90 bá kọjá tí kò rí ìwé àṣẹ gbà, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àjọ àpapọ̀ bá tilẹ̀ ta kò ó, ẹ̀yà ni yóò tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò, òun náà ló ni ìdájọ́. Bó bá jẹ́ ìwé àṣẹ ti jáde kí àṣírí tó tú, ẹ̀yà gbọ́dọ̀ dá ìwé náà dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ ẹni náà, kí wọ́n tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá tàbí dá a padà fún un.

Òfin sọ pé ẹ̀yà nìkan ló gbọ́dọ̀ ni tẹ́tẹ́ náà, àti pé ìṣàkóso, ìgbáyé-gbádùn ará ìlú, ìdàgbàsókè, ìtọrẹ àánú tàbí ìrànwọ́ fún ìjọba ìbílẹ̀ ni èrè rẹ̀ wà fún. Ẹni tó bá jí owó níbẹ̀, àpò ará ìlú ló jí. Kò sí àlejò tí èyí lè dùn tó wọn.

Ibi tó ti lè yẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ẹ̀yà, tó ń retí èrè, tó sì ń yan kọmíṣọ́nnà. Bí wọ́n bá lè lé e láìsọ ẹ̀sùn, ta ni yóò kọ̀ láti fún ọmọ ìgbìmọ̀ níwèé àṣẹ? Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí òfin ẹ̀yà sọ iye ọdún tí kọmíṣọ́nnà máa lò, kó má sì ṣeé yọ àyàfi lórí ẹ̀sùn tí wọ́n gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀.