Ibi tí ẹ̀sùn "owó ni dókítà ń wá" ti ń jò

Bí wọ́n bá ti ní kí aláboyún fi iṣẹ́ abẹ bímọ, kì í pẹ́ tí ẹnì kan nínú ẹbí á fi sọ pé owó ni dókítà ń wá. Bí a bá tú ẹ̀sùn yìí palẹ̀, ohun mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀: owó iṣẹ́ abẹ ju owó ìgbẹ̀bí lọ, owó náà ń bọ́ sápò dókítà tó dámọ̀ràn rẹ̀, obìnrin náà ì bá fúnra rẹ̀ bímọ láìséwu. Ti àkọ́kọ́ sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni méjì yòókù ń gbà wọlé láìsí ẹni tó bi wọ́n léèrè.

Dókítà ilé ìwòsàn ìjọba ní Nàìjíríà, owó oṣù ló ń gbà. Bó ṣe abẹ mẹ́wàá, bí kò ṣe ẹyọ kan, owó oṣù yẹn kì í tìtorí rẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá fẹ̀sùn kan irú dókítà bẹ́ẹ̀ ní láti sọ ọ̀nà tí owó gbà dé ọwọ́ rẹ̀. Ní ọsibítù aládàáni tó jẹ́ ti dókítà fúnra rẹ̀, ọ̀nà náà kò farasin.

Ìfura ọ̀hún kì í kúkú ṣe àlá. Ní 2016, Erin Johnson àti Marit Rehavi, àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé, gbé ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ìyá tí àwọn náà jẹ́ dókítà. Wọ́n rí i pé iṣẹ́ abẹ ìbímọ wọn dín sí ti àwọn ìyá mìíràn, àti pé níbi tí owó bá ti ń ti dókítà sídìí abẹ, àwọn ìyá tí kì í ṣe dókítà ló ń fara gbá a jù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣòroó tàn.

Síbẹ̀, ti ẹ̀kẹta, pé obìnrin náà ì bá fúnra rẹ̀ bímọ láìséwu, kò tíì fìdí múlẹ̀. Bí ibi-ọmọ bá dí ẹnu ilé-ọmọ pátápátá, abẹ ló kàn, ì báà jẹ́ ọ̀kánjúwà paraku ló sọ bẹ́ẹ̀.

Òdìkejì ẹ̀sùn náà tún ń jò: pé dókítà tí kò ní owó kankan gbà níbẹ̀ kò lè ṣì í. Wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde ní 1934 lórí ẹgbẹ̀rún kan ọmọ iléèwé ní New York. Wọ́n ti gé tonsil ọ̀nà ọ̀fun ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn dókítà yẹ ìyókù wò, wọ́n ní kí wọ́n gé ti ìdá 45. Wọ́n kó àwọn tí wọ́n ní kò nílò abẹ lọ bá dókítà mìíràn, àwọn yẹn náà ní kí wọ́n gé ti ìdá 46 nínú wọn. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta: ìdá 44. Àyẹ̀wò ìwádìí lèyí, kì í ṣe owó abẹ ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Àṣà iṣẹ́ ló ń darí ọwọ́ wọn.

Àwọn agbèjà dókítà náà ní tiwọn: wọ́n á ní nǹkan bí ìdá 3 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìbímọ ní Nàìjíríà ni iṣẹ́ abẹ wà nínú rẹ̀ ní 2018, nígbà tí ó ju ìdajì lọ ní Brazil. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n inú ìṣirò kan náà ni wọ́n da obìnrin abúlé tí kò rí dókítà rárá àti olówó Èkó pọ̀ sí. Kò sọ nǹkan kan nípa aláboyún kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ohun tí dókítà rí ló yẹ kí a bèèrè, àti ohun tó lè ṣẹlẹ̀ bí a bá dúró. Ẹni tó ní ibi-ọmọ ló dí ọ̀nà ti dárúkọ ohun tí scan lè fi hàn. Ẹni tó kàn ní "ara rẹ̀ kò lè gbé e" kò tíì sọ ohun tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò.