Kí ló dé tí orin píánò tó rọra ń lọ fi le ju èyí tó ń sáré lọ?

Tá a bá ti ṣe rìhásà tán lálẹ́ Sátidé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa níbí l'Ógbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọ tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù máa ń dúró tì mí, ohun kan náà ni gbogbo wọn sì ń bi mí. Orin kan wà tí Chopin, olórin píánò kan láyé àtijọ́, kọ, tí wọ́n ń gbọ́ lórí fóònù, Nocturne ní E-flat, Op. 9 No. 2, tó jáde lọ́dún 1832. Ó rọra ń lọ, nóòtì ẹ̀ ò pọ̀ lójú, àmọ́ tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn kì í dùn. Mo wá kó àwọn ìbéèrè wọn jọ síbí.

Ìbéèrè: Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n ń pè ní nocturne?

Ìdáhùn: Orin alẹ́ ni. John Field, ọmọ Ireland, ló kọ́kọ́ fi orúkọ yẹn pe orin píánò, Chopin ọmọ Poland wá gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ó gbé e ga ju bó ṣe bá a lọ. Ọwọ́ ọ̀tún ń dá orin, ọwọ́ òsì ń gbè é.

Ìbéèrè: Mo tẹ gbogbo nóòtì tó wà nínú ìwé, mi ò ṣi ọ̀kan, kí ló wá dé tó dà bí ẹni tó kàn ń ka iye owó ọjà?

Ìdáhùn: Torí píánò ò lè kọrin ni, ìwọ lo máa ràn án lọ́wọ́. Tó o bá tẹ kíì kan, òòlù kékeré á lu wáyà á sì padà sẹ́yìn, látìgbà yẹn ohùn náà ti ń kú lọ nìyẹn, kò sí bó o ṣe lè tẹ kíì yẹn mọ́lẹ̀ tó tó máa gbé e dìde. Akọrin lè mú ohùn kan kó máa wú bọ̀, onílù dùndún lè fún ọṣán kí ohùn ìlù ẹ̀ gùnkè látìsàlẹ̀, àmọ́ píánò ò lè ṣe é.

Wo ìbẹ̀rẹ̀ orin yẹn, tá a bá fi sóńfà pè é, sò ló fò lọ sí mí tó wà lókè, mí yẹn wá dúró pẹ́ díẹ̀ kí rè tó tẹ̀lé e. Ní gbogbo àsìkò tí mí ń dúró yẹn ló ń rẹlẹ̀. Tó o bá wá fi agbára tó o fi tẹ mí tẹ rè, rè á ta jáde bí ẹni tó kígbe láàrin ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ṣe ni kó o gbọ́ ibi tí mí kú dé, kó o gbé rè lé e níbẹ̀ gan-an. Mo lè fi ogún ìṣẹ́jú kọ́ ọmọ ní nóòtì méjì yìí nìkan, mi ò sì ní kà á sí ìfàkókòṣòfò, torí ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan ò tún ní lè tẹ píánò bí ẹni tó ń taípù mọ́.

Ìbéèrè: Wọ́n ní kí n lo rubato, mo wá ń fà á níbí mo ń sáré lọ́hùn-ún, ẹ tún ní kò dáa. Ṣebí wọ́n ní kéèyàn ṣe é bó ṣe bá wù ú ni?

Ìdáhùn: Rárá o, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ba orin yìí jẹ́ nìyẹn. Èdè Ítálì ni rubato, ohun tí wọ́n jí ló túmọ̀ sí, àkókò lò ń jí, o jí i lára nóòtì kan o fi kún òmíì. Àmọ́ wo àwọn onídùndún níbi ìnáwó. Ìyáàlù ń sọ̀rọ̀, ó ń ki èèyàn, á yá díẹ̀, á fà díẹ̀, á dákẹ́ kó tún gbé e, ó ń ṣe bó ṣe wù ú. Gúdúgúdú ńkọ́? Ojú kan náà ló wà látàárọ̀, kò yẹ̀. Tí gúdúgúdú bá sọ pé òun náà fẹ́ máa tẹ̀lé ìyáàlù bó ṣe ń yà síbí yà sọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ oníjó á dàrú, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ mọ́ pé ìyáàlù ń dárà, torí kí la fẹ́ fi wọ̀n ọ́n?

Ọwọ́ òsì ẹ ni gúdúgúdú. Béèsì, kọ́ọ̀dù, kọ́ọ̀dù, mẹ́ta mẹ́ta lọ́nà mẹ́rin nínú báà (ìpín orin) kọ̀ọ̀kan, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀ o, àwọn tí Chopin kọ́ ní píánò sọ pé ó máa ń sọ fún wọn pé ọwọ́ òsì ni adarí ẹgbẹ́ akọrin, kò gbọ́dọ̀ mì, Karol Mikuli tó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ sọ pé mẹ́tróónómù, ẹ̀rọ tó ń ka bíìtì, kì í kúrò lórí píánò ọ̀gá àwọn. Ibi kan wà lápá ìparí tí Chopin fúnra ẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé senza tempo, ìyẹn ni pé kò sí bíìtì tó dè ọ́ níbẹ̀. Tó bá fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ṣebí á ti kọ ọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Kó o tó fi ọwọ́ ọ̀tún kún un, fi ọwọ́ òsì nìkan tẹ̀ ẹ́, kó o máa fẹnu kọ apá ọ̀tún. Ibi tó o bá ti mí lẹ́nu, ibẹ̀ náà ni ìka ẹ á ti mí.

Ìbéèrè: Tí mo bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà tó ń mú kí ohùn dúró, gbogbo ẹ̀ á dàrú, tí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ á gbẹ.

Ìdáhùn: Ìwọ ò pààrọ̀ ẹ̀ nígbà tó yẹ ni. Ọwọ́ òsì á tẹ béèsì nísàlẹ̀, á fò lọ tẹ kọ́ọ̀dù lókè, ẹsẹ̀ ló máa bá a di béèsì yẹn mú. Bí ìka ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sórí béèsì tuntun ni kí ẹsẹ̀ máa gòkè, kó tún padà sílẹ̀ kí ìka tó kúrò. Tó ò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ìkòkò tí wọ́n se ẹ̀gúsí tí wọn ò fọ̀, tí wọ́n tún da ilá sí, ló máa jọ.

Ìbéèrè: Kíbọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì wa ńkọ́, ṣé a lè fi ṣe é?

Ìdáhùn: Tó bá mọ ìyàtọ̀ láàrin ọwọ́ líle àti ọwọ́ rírọ̀, bẹ́ẹ̀ ni. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, fi í kọ́ nóòtì nìkan, kó o wá píánò gidi wá fún ìyókù.

Ìbéèrè: Àwọn kan ń sọ pé kí ló kàn wá nínú orin òyìnbó.

Ìdáhùn: Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni Fela Sowande tí wọ́n bí lọ́dún 1905, ó mọ ọ̀gáànù tẹ̀ dójú àmì, ó sì fi orin ilẹ̀ wa kọ iṣẹ́ fún ọ̀gáànù. Ọ̀rọ̀ yẹn ti parí.

Ìbéèrè: Tí orin náà bá wọ̀ mí lára débi tí omi ń bọ́ lójú mi, ṣé kì í ṣe ìyẹn ni wọ́n ń wá?

Ìdáhùn: Nílé, bẹ́ẹ̀ ni, jẹ́ kó wọ̀ ẹ́ lára, ẹni tí kò wọ̀ lára ò lè rí nǹkan kan fún àwọn tó ń gbọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tó o bá jókòó síwájú èèyàn, etí ẹ ló gbọ́dọ̀ là. Ṣé o rántí pé tí ọmọ olóòkú bá ní òun fẹ́ kọrin níbi ìsìnkú, tí ẹkún bá ti gbé e lọ́rùn, orin yẹn ò ní jáde mọ́, àwa tá a jókòó la wá ń bẹ̀ ẹ́? Báà 34 péré ni orin yìí, ohùn kan náà ló ń padà wá, ẹ̀ṣọ́ lára ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Tó o bá ti ná gbogbo agbára ẹ ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kí lo fẹ́ fi dé ibi tó kọ con forza (fi agbára tẹ̀ ẹ́) sí lápá ìparí, níbi tó ti yẹ kó pariwo gan-an? Ẹ̀yìn ibẹ̀ ló wá rọlẹ̀ pátápátá, ppp ló kọ síbẹ̀. Má tètè gbé ọwọ́, má wojú ẹnikẹ́ni, fi ẹsẹ̀ sórí pẹ́dà títí kọ́ọ̀dù tó kẹ́yìn á fi kú tán fúnra ẹ̀.