Ọ̀dọ̀ Lísàbí ni ìṣọ́ ti bẹ̀rẹ̀

Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀mọ̀wé léèrè ibi tí àṣà ká máa ṣọ́ afipábánilòpọ̀ kó tó ṣe ọṣẹ́ ti wá, òyìnbó ni púpọ̀ nínú wọn máa nàka sí. Wọ́n á ní àwọn olópàá tí ìjọba dá sílẹ̀ l'Ékòó lẹ́yìn 1861 ló gbé e dé. Mi ò gbà. Àwọn Ẹ̀gbá ti ṣe iṣẹ́ yẹn kí wọ́n tó mọ olópàá.

Kí Ṣódẹkẹ́ tó kó wa dé Abẹ́òkúta ní 1830, inú igbó Ẹ̀gbá la wà, abẹ́ Ọ̀yọ́ sì ni. Aláàfin fi ìlàrí, ìyẹn ìránṣẹ́ ààfin rẹ̀, sí àwọn ìlú wa kó máa gba ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn bàbá wa sọ pé ìṣákọ́lẹ̀ nìkan kọ́ ni wọ́n ń gbà: ìlàrí á wọlé onílé, á jẹ ohun tó wù ú, ìyàwó tó bá sì wù ú, á mú un. Ọkọ ò gbọdọ̀ fọhùn. Lísàbí Àgbòǹgbò Àkàlà, ọmọ Ìtòkú, ló wá kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sínú ẹgbẹ́ àáró. Ẹ mọ àáró: lónìí a ro oko tèmi, lọ́la a ro tìrẹ, olóko á sì wá oúnjẹ. Wọ́n ní Lísàbí lágbára níbi oko débi pé àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò rí iṣẹ́ ọjọ́ kan rẹ̀ san padà. Lójú ìlàrí, àgbẹ̀ lásán ni wọ́n. Ẹgbẹ́ yẹn ló di Olórógun, ẹgbẹ́ ajagun, kí ọ̀rúndún 18 sì tó parí, wọ́n dìde lọ́jọ́ kan, ìlàrí tó lé ní 600 bá a lọ.

Ó dá mi lójú pé àáró yẹn ni ìṣọ́ àkọ́kọ́. Bí mo ṣe rò ó ni pé oko ẹni tí ìlàrí ń yọ lẹ́nu ni wọ́n á máa kọ́kọ́ yà sí, kí ojú lè pọ̀ nítòsí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀. Ẹ wo ẹni tí wọ́n ṣọ́: aláṣẹ ni, kì í ṣe tálákà tí ìrísí rẹ̀ ò tẹ́ ará àdúgbò lọ́rùn.

Nígbà tí a gbàgbé èyí, ojú wa rí màbo. Láyé owó orí, ọmọbìnrin tó bá ti pé 15 gbọ́dọ̀ san, àwọn agbowó orí a sì máa bọ́ aṣọ lára ọmọ ọlọ́mọ láti wo ọmú rẹ̀, bóyá ó ti tó. Aṣojú ìjọba ló ń ṣe é, ní gbangba. Ìyẹn wà lára ohun tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti ẹgbẹ́ obìnrin Abẹ́òkúta fi ya dé ààfin ní 1947, tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi kúrò lórí oyè ní January 1949.

Ti ìsinsìnyí ò pẹ́ sọ. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó lòdì sí ìwà ipá, títí kan ìfipábánilòpọ̀, jáde ní 2015, ti Ìpínlẹ̀ Ògùn ní 2017. NAPTIP, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti òwò ẹrú, ṣí ìwé orúkọ àwọn afipábánilòpọ̀ ní 2019, Àmọ̀tẹ́kùn, ẹ̀ṣọ́ ààbò ilẹ̀ Yorùbá, sì dé ní 2020.

Ṣùgbọ́n kí la fẹ́ ṣe fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti wọ ìwé? Òfin Ìpínlẹ̀ Kàdúná ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá, ní 2020. Èmi ò fara mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní kí a ṣe bíi ti àwọn Olórógun. Ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Àrò ní Abẹ́òkúta níbí, láti 1954, Dókítà Adéoyè Lambo, ọmọ ìlú yìí, fi àwọn alárùn ọpọlọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ abúlé ìtòsí. Mọ̀lẹ́bí ń bá wọn gbé, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú. Àrùn ọpọlọ kọ́ ló ń ti ọ̀pọ̀ afipábánilòpọ̀, ẹ̀wọ̀n sì tọ́ sí wọn. Àmọ́ wọ́n ṣì ń jáde. Ẹni tó bá kúrò lẹ́wọ̀n Ìbarà gbọ́dọ̀ ní dókítà tí yóò máa rí i àti ará ilé tó mọ ohun tó ṣe, tí kò sì ní fi òun àti ọmọdé sílẹ̀ láwọn nìkan. Bó bá sì jẹ́ olùkọ́, pásítọ̀, ààfáà tàbí olópàá ni, kó má padà sídìí iṣẹ́ yẹn mọ́.