Bí ohun èlò ẹ̀kọ́ gbangba ṣe ń rìn láti ọwọ́ olùkọ́ kan dé ọwọ́ òmíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì

Olùkọ́ kan kọ ìwé ẹ̀kọ́ kékeré lórí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń lọ yí ká inú ara, ó sì gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Olùkọ́ kejì, tí kò mọ̀ ọ́n rí, wà á jáde. Ó yọ àwòrán kan kúrò, ó fi ìbéèrè mẹ́wàá kún un, ó túmọ̀ rẹ̀ sí èdè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, ó sì gbé tirẹ̀ náà síta. Ọ̀nà yìí ni àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀kọ́ gbangba, ìyẹn ohun èlò ẹ̀kọ́ tí ẹnikẹ́ni lè lò, kó tún ṣe, kó sì pín, fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ jù lọ. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ tó lè rìn báyìí, àwọn ohun kan wà tí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é ní láti tò sílẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń há.

Àṣẹ ló ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ohun tí àwọn bá ti rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìsan kọ́bọ̀ ti di ti gbogbo ayé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ Àdéhùn Berne lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́, tí àwọn orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fọwọ́ sí ní 1886 tí èyí tó pọ̀ jù lágbàáyé sì wà nínú rẹ̀ lónìí, bí ènìyàn bá ti ṣe iṣẹ́ kan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ lórí iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Kò dìgbà tó bá forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbì kan tàbí tó fi àmì kankan sí i. Nítorí náà, fáìlì tí kò sọ nǹkan kan nípa àṣẹ kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ. Ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ẹlòmíràn lo iṣẹ́ òun gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sára iṣẹ́ náà gedegbe.

Àṣẹ Creative Commons, tí àjọ kan tó ń jẹ́ orúkọ yẹn ti kọ sílẹ̀ tán fún ẹnikẹ́ni láti fi sára iṣẹ́ rẹ̀, ni àwọn olùkọ́ ń lò jù. Ó kọ́kọ́ jáde ní oṣù Kejìlá 2002, ẹ̀dà 4.0, tó jáde ní oṣù Kọkànlá 2013, ló yẹ fún iṣẹ́ tuntun, nítorí wọ́n kọ ọ́ kí ó lè ṣiṣẹ́ káàkiri àgbáyé láìsí pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀. Oríṣi mẹ́fà ló wà, ohun mẹ́rin ni wọ́n sì fi kọ́ gbogbo wọn. BY ní kí a dárúkọ oníṣẹ́, ó sì wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. SA ní kí ẹni tó bá tún iṣẹ́ náà ṣe fi irú àṣẹ kan náà gbé e jáde. NC kò gbà kí wọ́n fi pawó. ND gbà kí a pín iṣẹ́ náà bó ṣe wà, ṣùgbọ́n kò gbà kí a pín èyí tí a ti yí padà. CC0 wà lọ́tọ̀ sí mẹ́fà yìí: oníṣẹ́ yọwọ́yọsẹ̀ kúrò nínú gbogbo ẹ̀tọ́ tí òfin bá gbà á láyè láti fi sílẹ̀.

David Wiley, onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà tó ti kọ irú àṣẹ báyìí láti 1998, ka ohun márùn-ún tí iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbà kí ènìyàn fi òun ṣe kó tó di ẹ̀kọ́ gbangba: kí a tọ́jú ẹ̀dà tiwa, kí a lò ó, kí a tún un ṣe, kí a dà á pọ̀ mọ́ iṣẹ́ mìíràn, kí a sì pín in. Bí a bá fi èyí wọn àwọn àṣẹ wọ̀nyẹn, ND kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ìtumọ̀ sí èdè mìíràn jẹ́ ìyípadà lójú òfin, nítorí náà olùkọ́ tó fi ND síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa ba iṣẹ́ òun jẹ́ ti ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo atúmọ̀ èdè láìmọ̀. NC náà máa ń dá iṣẹ́ dúró ju bí oníṣẹ́ ṣe rò lọ. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìwé títẹ̀ lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ̀ bóyá òun ti rú òfin, ó sì lè tìtorí ẹ̀rù fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. BY àti BY-SA ló dára jù fún ohun tí a fẹ́ kó rìn jìnnà.

Níbi tí a bá ti ń da iṣẹ́ pọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le. Ká ní ìwé kan ní BY, àwòrán inú rẹ̀ ní BY-SA, ìbéèrè tí a fẹ́ fi kún un sì ní BY-NC-SA. BY kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n BY-SA ní dandan ni kí àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ BY-SA, BY-NC-SA náà sì ní dandan ni kó jẹ́ BY-NC-SA. Kò sí àṣẹ kan ṣoṣo tó lè tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Bí a bá kàn tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, tí oníkálukú wà lódindi tó sì gbé àṣẹ tirẹ̀ lọ́wọ́, kò sí wàhálà, àkójọ lásán nìyẹn. Ìgbà tí a bá yọ díẹ̀ nínú èyí, tí a gé díẹ̀ nínú tọ̀hún, tí a sọ wọ́n di iṣẹ́ tuntun kan ni àṣẹ méjèèjì kọlu ara wọn. Ọ̀nà àbáyọ kò pọ̀: kí a fi líǹkì júwe ibi tí ìbéèrè náà wà dípò kí a kó o wọlé, kí a kọ̀wé sí oníṣẹ́ pé kó fún wa láṣẹ ọ̀tọ̀, tàbí kí a wá òmíràn. Èyí ni ó fi yẹ kí a wo àṣẹ gbogbo ohun tí a fẹ́ lò kí a tó fọwọ́ kan iṣẹ́ rárá. Ẹni tó dúró dìgbà tí ìwé bá parí yóò tú u palẹ̀ ni.

Dídárúkọ oníṣẹ́ kò gba ju ìlà kan lọ. Ohun mẹ́rin ló wà níbẹ̀: àkọlé iṣẹ́, orúkọ ẹni tó ṣe é, líǹkì ibi tí a ti mú un, àti orúkọ àṣẹ pẹ̀lú líǹkì tirẹ̀. Bí a bá ti yí nǹkan padà, kí a sọ ọ́: “a túmọ̀ rẹ̀, a sì yọ àwòrán kejì.” Abẹ́ àwòrán ni kí ìlà náà wà, kì í ṣe ẹ̀yìn ìwé nìkan, nítorí ẹlòmíràn lè fa ojú ìwé kan péré yọ, kí orúkọ sì kù sẹ́yìn. “Orísun: Google” kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, ìwákiri ni Google wà fún. Ẹni tí kò bá dárúkọ bó ṣe yẹ pàdánù àṣẹ náà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ ẹ̀dà 4.0, bí ó bá ṣàtúnṣe láàárín ọjọ́ 30 tó rí àṣìṣe náà, àṣẹ rẹ̀ padà fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ lè ní àṣẹ tó péye kó má sì ṣe é tún ṣe síbẹ̀. PDF ló ń fa èyí jù. Ó dára láti kà àti láti tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ yí gbólóhùn kan padà nínú rẹ̀ yóò jìyà: ìlà á já, tábìlì á tú ká. Kí a gbé PDF síta, kò burú, ṣùgbọ́n kí fáìlì tí a fi ṣe é tẹ̀ lé e, ìyẹn ODT tàbí DOCX fún ìwé, SVG fún àwòrán onílà. Ìdọ́gba ìṣirò tí a lẹ̀ mọ́ ìwé bí àwòrán kò ṣe é tún kọ, ẹ̀rọ tó ń kàwé fún afọ́jú kò sì lè kà á. Fídíò nílò ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ní kíkọ, nínú fáìlì SRT tàbí VTT, nítorí èyí ni atúmọ̀ èdè yóò bá ṣiṣẹ́. Ní ti àwọn èdè tó ní àmì lórí lẹ́tà, ọ̀ràn kan tún wà: fọ́ǹtì àtijọ́ tó kàn ń fi lẹ́tà kan pa òmíràn dà máa ń fún ẹni tó gba fáìlì náà ní lẹ́tà rúdurùdu tí kò ní ìtumọ̀. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà tirẹ̀, nìkan ni kí a fi tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni ibi tí iṣẹ́ yóò gbé. Àpò fáìlì ti ara ẹni kò láyọ̀lé, torí bí olùkọ́ bá kúrò níbi iṣẹ́, tí wọ́n sì ti àkáǹtì rẹ̀, gbogbo líǹkì tí àwọn ẹlòmíràn ti kọ sínú iṣẹ́ wọn kú nìyẹn. Àwọn ibi ìkóhunsí tó wà fún un sàn jù: MERLOT ti wà láti 1997, OER Commons láti 2007. Zenodo, tí CERN, ilé ìwádìí físíìsì ní Yúróòpù, dá sílẹ̀ ní 2013, ń fún ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà DOI tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kì í yí padà, ó sì ń fún gbogbo ẹ̀dà lápapọ̀ ní òmíràn tó máa ń gbé ènìyàn lọ sí èyí tó dé kẹ́yìn. Kí a fara balẹ̀ kọ àkọlé, èdè, ìpele akẹ́kọ̀ọ́, kókó ẹ̀kọ́ àti àṣẹ sí àwọn àyè tí wọ́n fi sílẹ̀, nítorí ohun tí ẹ̀rọ ìwákiri ń kà nìyẹn. Iṣẹ́ tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ “nóòtì ọ̀sẹ̀ kẹta” kò sí ẹni tí yóò rí i.

Èsì ló máa ń ṣọ̀wọ́n jù, ó sì dunni, nítorí òun ló ń mú kí iṣẹ́ dàgbà. Ọ̀pọ̀ ń tún àṣìṣe ṣe nínú ẹ̀dà tiwọn, wọn kì í sì í sọ fún ẹni tó ni orísun, àṣìṣe kan náà sì ń dé ọ̀dọ̀ gbogbo ẹni tó bá ń wà á jáde. Èsì tó wúlò kúrú: nọ́ńbà ẹ̀dà, ojú ìwé, ohun tó wà níbẹ̀, ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀, àti ìdí. Oníṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ sílẹ̀, kó sì ní ojú ìwé kan tó ń kọ ìyípadà sí, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí ẹ̀dà 1.0 bá di 1.1, atúmọ̀ èdè lè ka ìlà mẹ́ta kó sì mọ ìpínrọ̀ tó kàn án. Bí kò bá sí ojú ìwé yìí, àfi kó tún gbogbo ìwé kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìròyìn bí ẹ̀kọ́ náà ṣe rí lójú akẹ́kọ̀ọ́ náà níye lórí: ìbéèrè wo ni gbogbo kíláàsì kùnà, àlàyé wo ni wọ́n ní kí a tún ṣe.

Níbi tí a bá ti kó iṣẹ́ tàbí fọ́tò akẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ọn, ẹ jẹ́ ká ṣọ́ra. Creative Commons kò kan ẹ̀tọ́ ẹni tó wà nínú fọ́tò. Òbí tàbí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà ní kíkọ kí a tó gbé e síta. Kí a sì bo orúkọ tó bá fara hàn nínú àwòrán ojú kọ̀ǹpútà. Àṣẹ Creative Commons kò ṣe é gbà padà. Oníṣẹ́ lè yọ fáìlì rẹ̀ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́la, ṣùgbọ́n ẹni tó ti ní ẹ̀dà lọ́wọ́ ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti máa lò ó, kó sì máa pín in, níwọ̀n ìgbà tó bá ń tẹ̀ lé ohun tí àṣẹ náà sọ.