Bí a ṣe ń gbọ́ ohun tí ọpọlọ ń sọ fún iṣan

Di ife omi mú, má jẹ́ kó mì. Lójú, ọwọ́ náà dúró jẹ́ẹ́. Lábẹ́ awọ, iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu: ọpọlọ ń ránṣẹ́ gba ọ̀pá ẹ̀yìn wá sí iṣan apá, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bá sì débẹ̀ ń mú kí iná díẹ̀ ṣẹ́yọ nínú iṣan. Iná yìí ni ẹ̀rọ EMG ń gbà sílẹ̀.

Sípíríìtì la fi ń kọ́kọ́ nu awọ, torí epo ara kì í jẹ́ kí iná kọjá dáadáa. Ẹni tó bá kánjú níbí, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè bá a tún un ṣe. Ẹlẹ́kítíródù méjì, ìyẹn àwọn ohun kékeré tó ń gba iná láti ara awọ, ni a ó lẹ̀ mọ́ orí iṣan, kí àlàfo mìlímítà 20 wà láàárín wọn. Ẹ̀kẹta á wà lórí eegun. Ẹ̀rọ á yọ iná ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ kúrò nínú ti èkejì, kí ariwo tó dé ọ̀dọ̀ méjèèjì bákan náà lè pa rẹ́. Iná iṣan kì í sábà ju mìlífóòtì díẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ fóòtì 230 ló wà nínú wáyà ògiri ní Nàìjíríà, tó ń mì nígbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Kọ̀ǹpútà á ka iná náà bíi ìgbà 2,000 ní ìṣẹ́jú àáyá, á wá sẹ́ ẹ bí ẹni ń sẹ́ ògì. Èyí tó ń mì ní ohun tí kò tó ìgbà 20 ní ìṣẹ́jú àáyá, mímì wáyà àti awọ ló pọ̀ nínú rẹ̀. A ó dà á nù.

Ibi tó gbádùn mọ́ni jù rèé. Ìlà iná iṣan ń lọ sókè sódò, débi pé tí a bá rò ó pọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo. A ó yí gbogbo èyí tó wà lábẹ́ òdo sókè. Bí a bá ti ṣe é tán, ìlù tó fara sin á yọ: àwọn fọ́nrán iṣan kì í ṣiṣẹ́ gátagàta, wọ́n máa ń jọ ṣẹ́ iná lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

A ó wá fi ìlù yìí wé iná ọpọlọ, tí a gbà láti orí ẹni náà lásìkò kan náà. Aago kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ darí méjèèjì, torí bíi ìdá 20 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ni iṣẹ́ tí ọpọlọ rán fi ń dé ọwọ́. Lọ́dún 1995, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Conway, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé ìlù ọpọlọ àti ti iṣan ń bára mu. Láàárín ìgbà 15 sí 30 ní ìṣẹ́jú àáyá ni ìbáramu yìí ti máa ń hàn jù. Lára ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ó sábà máa ń dínkù.

Bí ife náà bá kúrò lójú kan, tó ń lọ sí ẹnu, ìbáramu náà á rọlẹ̀. Bí ọwọ́ bá tún dúró, á padà.